Àwìn Ooru

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mo rà,
kò lẹ́sẹ̀, ó ń sáré.
Bí mo bá ti tàn án lálẹ́ ní Òkèsà,
abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ á bú jáde
bí ẹ̀rọ ìlọta tó gbé òkúta mì.
Bàbá mi ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Wẹ́sílì dá a sílẹ̀
pẹ̀lú ojú iṣẹ́ abẹ tí kò tíì jinná.
Yàrá kan yìí náà la ní tí iná rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé.
Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì,
ó ní, "Mọrádéùn,
kí lò ń lé nínú àpótí yẹn tí ọwọ́ rẹ ò tó?"

Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń darí abẹ̀bẹ̀.
Ìlà kan ló wà níbẹ̀, ó ń gòkè láti òsì sí ọ̀tún
bí ọ̀nà tó gun Ìmọ̀:
ooru nísàlẹ̀, eré lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo fa ìlà náà wálẹ̀.
Abẹ̀bẹ̀ dákẹ́. Bàbá sùn.
Ní aago méjì kọjá díẹ̀,
lójú ìwé kọkànlélógójì iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ Fìjàbí,
ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn.
Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀: ó gbóná bí ìkòkò àgbo.
Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta bómi lọ.

Mo sunkún díẹ̀, n kò purọ́.
Bàbá gbọ́,
ọkùnrin tó fi ogún ọdún ta aṣọ láwìn dé ilẹ̀ Núpé.
Ó ní, "Gbèsè ni ooru.
Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ bá ṣe ló ń jẹ ẹ́.
Abẹ̀bẹ̀ yẹn ni òṣómàáló tó ń lọ gbà á.
Èyí tó bá ń kígbe bọ̀ láti ìta,
onígbèsè á gba ẹ̀yìnkùlé lọ.
Èyí tó bá sùn sílé, owó rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ.
Lọ lọ́sàn-án, kí wọn.
Lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, jẹ́ kí wọ́n rí ojú rẹ.
Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn ò san,
ìgbà náà ni kí o tó la ohùn."

Mo tún ìlà náà fà.
Ní ogójì, kí abẹ̀bẹ̀ lóṣòó, kó máa mí.
Ní ọgọ́ta, kó dìde.
Ní ọgọ́rin, kó pariwo, kó pe ará àdúgbò.
Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí adìyẹ tó rí àṣá,
ó gbéra, ó wálẹ̀, ó gbéra, ó wálẹ̀,
nítorí ìwọ̀n kan ṣoṣo tí ooru fi gòkè, tó tún fi sọ̀.
Mo wá kọ́ ọ ní sùúrù:
bí ooru bá lé, kọ́kọ́ ka ẹ̀ẹ́dógún
kí o tó gbà á gbọ́.

Wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ooru.
Tèmi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó lóṣòó tì í.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣe ohun tí mo rò pé oore ni:
bí ooru ò bá tó ogójì,
mo ní kí abẹ̀bẹ̀ dúró pátápátá.
Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.
Mo gbọ́ aago ògiri. Mo gbọ́ ọmọńlé lájà.
Bàbá la ojú nínú òkùnkùn.
"Mọrádéùn, ṣé ó ti kú ni?"
Mo ní rárá, Bàbá, ó ń sinmi ni.
Ó ní, "Jẹ́ kó máa mí díẹ̀.
Ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá dákẹ́,
òun ni wọ́n ń faṣọ bò lójú."

Mo fa ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà sókè, ogún nínú ọgọ́rùn-ún,
n ò jẹ́ kó kan ilẹ̀ mọ́.
Mo tún ń tẹ ìwé ọmọ Fìjàbí láti ojú ewé kìn-ín-ní.
Etí mi kan wà lọ́dọ̀ abẹ̀bẹ̀,
èkejì wà lọ́dọ̀ èémí bàbá mi:
ó wọlé, ó jáde,
mo ka ẹ̀ẹ́dógún.